Alákẹtẹ̀ àti Kámẹ́rà Mẹ́rin Ìyá Jígí

Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá Ìyá Jígí mọ̀ ládùúgbò wa kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé jígí ojú ló ń tà. Tó bá bú sẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èmi tí mo ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì á yáa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, torí mo ti fìgbà kan rán ọwọ́ aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn rẹ̀ nítorí ẹ̀rín náà. Bí aboyún bá ń kọjá lójú títì nígbà yẹn, òun náà á dúró, á di ikùn mú, á máa rẹ́rìn-ín ohun tí kò mọ̀.

Ọdún méjìlélógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó ní abọ́ iyanrìn gbígbóná kan tó máa ń ki apá férémù jígí bọ̀ kó lè rọ̀, á wá máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá etí oníbàárà mu. Tó bá ti fi wọ̀ ọ́ tán, á fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ó yá, ẹ wo igi ọ̀hún yẹn, kí lẹ rí?" Bàbá arúgbó kan wò ó wò ó, ó bú sẹ́kún. Ó ní òun ò mọ̀ pé ewé igi máa ń dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, òun rò pé odidi kan ni. Ìyá Jígí bá a sunkún, ó tún bá a rẹ́rìn-ín, lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì kan tó ra férémù lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá gbé e padà wá láàárọ̀.

"Ìyá Jígí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé tuntun lẹ tà fún mi ni àbí àlòkù?"

"Háà! Tuntun ni o. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó o wá, orí àtẹ yìí náà ló wà."

"Ẹ wò ó nígbà náà."

Ìyá Jígí gbé e sójú iná. Ìdè kékeré tó di apá rẹ̀ mú ti dípẹtà. Ibi tó ń gbé lé imú ti di àwọ̀ ewé tútù nítorí òógùn ẹlòmíràn. Ó yọ òmíràn lórí àtẹ kan náà: òun náà ti gbó. Ó yọ ìkẹta: ojú eyín wà lápá rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan máa ń jẹ ẹ́ tó bá ń ronú.

Ohun tó wá da ojú ọ̀rọ̀ rú ni pé kò sí férémù kankan tó sọnù. Àtẹ ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, èyí tó ń kó àwọn tó wọ́n jù sí, ihò ogójì ló wà lára rẹ̀, férémù kan fún ihò kan. Ní ìrọ̀lẹ́ tó bá fẹ́ tilẹ̀kùn, á wò ó, gbogbo ihò á kún pẹ́pẹ́. Olè wo ló ń jí nǹkan tí nǹkan ò dín?

"Àbí àwọn férémù yìí ń darúgbó ni?" mo bi í léèrè.

"Àbúrò, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á máa hu irùngbọ̀n!"

Ó bínú débi pé ó gbé fóònù láti bú ẹni tó ń kó ọjà fún un. Ọkọ rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíṣà là ń pe ọkọ rẹ̀. Ìṣirò ló fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì fẹ̀yìn tì nínú ara rẹ̀. Ó máa ń fi rúlà wọn búrẹ́dì kó tó gé e. Ó ní, "Má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rí ni ká wá." Lọ́jọ́ kejì, ó dé pẹ̀lú páálí kan. Kámẹ́rà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpótí pẹlẹbẹ kan tó ń gba àwòrán pa mọ́ àti tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí a ó máa fi wò ó.

A ní kó pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ó wò wá bí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba òdo nínú ìdánwò. "Èmi tí mo kọ́ ẹni tó kọ́ ilé gíga ọ̀hún yẹn ní ìṣirò, kámẹ́rà ni màá wá máa bẹ èèyàn bá mi kàn? Ohun tó bá wà lókè ló ń ríran jìnnà. Ẹ̀yin ti rí àṣá tó ń fẹsẹ̀ rìn wá ọdẹ rí?"

Bí gbogbo kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe dé òkè àjà nìyẹn. Èmi ni mo di àkàbà mú. Eruku òkè àjà bò mí lórí títí mo fi dà bí ẹni tó ti pé ọgọ́rin ọdún.

Nírọ̀lẹ́, a kó àga jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré náà láti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, oòrùn títì sì ń wọ inú rẹ̀ tààrà, nítorí náà gbogbo ẹni tó wọlé lọ́jọ́ náà ló dúdú kirikiri bí èédú, a ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ìkejì wà gangan lókè káńtà: àárín orí àwọn èèyàn nìkan ló ń fi hàn. Ìkẹta ń wo fáànù. Fáànù ń kọjá, fáànù tún ń kọjá. A wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, bóyá nǹkan míì máa kọjá, fáànù náà ló tún kọjá. Ìkẹrin kọjú sí àga tí Tíṣà máa ń jókòó sí, torí ibẹ̀ ni wáyà gùn dé.

Tíṣà sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Ta ni bàbá apárí tó jókòó sórí àga mi yìí?"

Ìyá Jígí wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Tíṣà," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Èmi kẹ̀?" Ó gbé ọwọ́ lé àárín orí. Bàbá inú tẹlifíṣọ̀n náà gbé ọwọ́ lé àárín orí. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ kíá. Ti inú tẹlifíṣọ̀n náà sọ ọ́ kalẹ̀. "Ìgbà wo ni eléyìí bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án."

"O ò sì sọ fún mi!"

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín àríntàkìtì ni. Àga mi yí dànù pẹ̀lú mi.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàhálà ọ̀tun bẹ̀rẹ̀. Tíṣà wá mọ̀ pé òun lè máa wo ṣọ́ọ̀bù láti ilé lórí fóònù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti ń pè. "Dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn rẹ ti ń tẹ̀." "Dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀ o." "Ọkùnrin aláṣọ pupa yẹn, ẹ̀rín kẹta tí o rín fún un nìyẹn, ṣé àwàdà ló ń ṣe ni?" Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ó pè lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Ìyá Jígí gun àga, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi dé kámẹ́rà òkè káńtà. Fóònù tún dún.

"Ilẹ̀ ti ṣú ní ṣọ́ọ̀bù!"

"Ẹ jẹ́ kó ṣú, Tíṣà. Ẹ lọ sùn."

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni. Férémù sì ń gbó lọ lórí àtẹ.

Ọlọ́run ló rán oníná sí wa. Obìnrin kan tó máa ń tún iná ilé ṣe ni, ọ̀dọ́, ẹlẹ́sẹ̀ yíyára. Jígí rẹ̀ ló wá gbà. Bó ṣe gbé orí sókè tó rí gèlè tó so mọ́ òkè àjà, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. A ròyìn rẹ̀ fún un. Ó ní ká tan tẹlifíṣọ̀n. Ó wo èédú, ó wo orí, ó wo fáànù, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tíṣà, tó ti sáré dé láti ilé nítorí gèlè náà, dúró tì í, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ má bínú, sà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Kí gan-an lẹ fẹ́ rí?"

"Olè ni."

"Olè tó jẹ́ kìkì orí ni, àbí èyí tó lójú?"

Tíṣà gbé ọwọ́ lé àárín orí.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, sà. Ẹ wá sọ fún mi, mà: tí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, ibo ló máa ń wò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an?"

Ìyá Jígí ronú díẹ̀. Lójijì ó pàtẹ́wọ́. "Dígí! Dígí ńlá ẹ̀gbẹ́ àtẹ yẹn! Gbogbo wọn ló ń wo ara wọn níbẹ̀!"

"Wọ́n á tún ṣí fìlà. Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Ìmọ́lẹ̀ títì á sì máa tàn sí wọn lójú dípò kó máa tàn sínú kámẹ́rà. Ẹ bá mi gbé àkàbà."

Èmi ni mo tún di àkàbà mú. Ó sọ kámẹ́rà kan kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ dígí, ó gbé e ga ju ojú èèyàn lọ díẹ̀. Ọ̀kan wá sí igun káńtà, níbi tó ti lè rí ọwọ́ èèyàn àti ohun tó wà lọ́wọ́. Ìkẹta bọ́ lọ́wọ́ fáànù, ó kọjú sí odidi àtẹ láti òkèèrè. Ìkẹrin ló gbé lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tó jáde sí kọ̀rọ̀. A ti gbàgbé pé ilẹ̀kùn kankan wà níbẹ̀, ó ti pẹ́ tí a ti ń kó páálí òfìfo dí i.

"Ẹ jẹ́ ká ra ìkarùn-ún fún yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò," Tíṣà dá a lábàá.

"Rárá o, sà. Ibi tí èèyàn bá ti ń dá wà pẹ̀lú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹ má gbé kámẹ́rà dé ibẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí pẹlẹbẹ náà wò, ó wá ń mi orí. Aago inú rẹ̀ ń ka aago méjì òru ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. "Tí ẹ bá gbé eléyìí dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á béèrè ibi tẹ́ ẹ ti wà látọjọ́ yìí." Àwòrán ọjọ́ mẹ́ta péré ló lè gbà kó tó máa pa àwọn ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó fi èyí tó lè gba oṣù kan rọ́pò rẹ̀, ó sì tún aago rẹ̀ ṣe. Ó béèrè nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí i. Tíṣà rọra sọ ọ́ lábẹ́ imú: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

"Sà! Tíṣà ìṣirò!"

"Ó rọrùn láti rántí ni."

"Olè náà á rántí rẹ̀, sà."

Ó fi aṣọ tí wọ́n ń fi nu jígí nu ojú àwọn kámẹ́rà, torí aláǹtakùn ti bẹ̀rẹ̀ ilé lórí ọ̀kan. Ó ní ká lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí àlejò mọ̀ pé kámẹ́rà ń wò ó, kí a sì yí tẹlifíṣọ̀n síta kí wọ́n máa rí ara wọn. Kó tó lọ, ó kọjú sí Tíṣà.

"Kámẹ́rà kì í mú olè, sà. Èèyàn ló ń mú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò wá olè, ìyàwó yín lẹ ń wò."

"Ó dáa láti wò, àbí kò dáa?" ni Tíṣà wí, Ìyá Jígí sì fi gèlè bojú.

Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé Tíṣà ò gbọ́dọ̀ pè mọ́. Ọjọ́ Ẹtì nìkan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á jókòó, á wo gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan àtẹ ẹ̀gbẹ́ dígí lọ́sẹ̀ náà, kò sì ní wo nǹkan míì.

Ọjọ́ Ẹtì kejì ni mo gbọ́ igbe. Mo rò pé iná ń jó. Mo sáré wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, mo bá Tíṣà tó ń fò sókè bí ọmọ ọdún méje.

"Ìṣirò ni! Ìṣirò ni o! Ó yọ ọ̀kan, ó fi ọ̀kan sí i! Báwo ni iye ṣe máa yí padà?"

Ó dá àwòrán náà padà sẹ́yìn fún mi. Alákẹtẹ̀ ni. Àwa gbogbo la mọ̀ ọ́n: ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń dé àkẹtẹ̀ ńlá, tó máa ń kí Ìyá Jígí kú iṣẹ́, tó máa ń béèrè nípa ẹ̀yìn tó ń ro ìyá náà. "Mo kàn ń wò ni, mà," ló máa ń sọ. Nínú àwòrán, ó dé iwájú dígí, ó ṣí àkẹtẹ̀, ó gbé e sáyà. Ó yọ jígí ojú rẹ̀. Ó wọ ọ̀kan lórí àtẹ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wọ òmíràn, ó gbé ìpéǹpéjú kan sókè. Ó wọ ìkẹta, ó fi ẹ̀gbẹ́ wo ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó. Ó wọ ìkẹrin, ìyẹn bá a mu. Ó wá mú ògbólógbòó ti ara rẹ̀, ó fi í sínú ihò tó ṣófo, ó tò ó dáadáa, ó tún fi ìka tọ́ ọ. Ó dé àkẹtẹ̀. Ó tẹrí ba fún Ìyá Jígí. "Ẹ ṣé o, mà. Màá padà wá."

Ó sì máa ń padà wá lóòótọ́. A rí i lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọ̀sẹ̀ kan náà.

Ìyá Jígí ò rẹ́rìn-ín fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀yìn mi tó ń béèrè yẹn ló dùn mí jù," ó sọ jẹ́jẹ́. "Mo ti máa ń sọ gbogbo bó ṣe ń ro mí fún un." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tún bọ́ sórí ìpéǹpéjú tí ọkùnrin náà gbé sókè yẹn, ó ní kí Tíṣà tún dá àwòrán náà padà. A wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo rí àkẹtẹ̀ tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́. Mo pe àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ní ìkángun títì, mo sì wọlé tẹ̀ lé e bí ẹni tó wá yá sísọ́ọ̀sì.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ó ti ń dára, a dúpẹ́. Ẹ jókòó, sà. Férémù ojú yín yìí mà ń yọ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ n bá yín tẹ̀ ẹ́."

Kó tó rò ó, ó ti yọ ọ́. Ìyá Jígí ki apá rẹ̀ bọ inú iyanrìn gbígbóná.

"Férémù yìí dára o. Níbo lẹ ti rà á?"

"Òkè òkun ni, mà."

"Òkè òkun náà mà sún mọ́ wa o." Ó yí tẹlifíṣọ̀n kékeré tí àwòrán náà wà lójú rẹ̀ sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ta nìyí?"

Ọkùnrin náà na ọrùn. Ó tún sún mọ́ ọn. Imú rẹ̀ kù díẹ̀ kó kan ojú tẹlifíṣọ̀n.

"Ó jọ ẹnì kan tí mo mọ̀."

"Ẹni náà ò rí ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni?"

"Ìwé wo?"

Gbogbo wa yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́tà tó wà lára ìwé yẹn gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ìyá Jígí wo ojú ọkùnrin náà bó ṣe máa ń wo ojú oníbàárà. Àwọn férémù orí àtẹ, rọ́bà lásán ló wà nínú wọn, kò sí èyí tó ń la ojú ẹnikẹ́ni. Ó fà á dé iwájú ìwé tó fi ń yẹ ojú wò, ó nàka sí lẹ́tà tó tóbi jù lọ lókè pátápátá.

"Kí lẹ rí níbí?"

Ọkùnrin náà dijú ìlàjì. "Ṣé... ejò ni?"

Kì í ṣe ẹjọ́ mi o. Ẹ̀rín yẹn ti jáde kí n tó mọ̀. Ìyá Jígí di káńtà mú. Alákẹtẹ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì ń bà á lọ́wọ́ kan náà. Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni Tíṣà já wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àdéhùn ọjọ́ Ẹtì ò dí i lọ́wọ́, ó ti rí gbogbo rẹ̀ lórí fóònù nílé. Sálúbàtà tirẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ti ìyàwó rẹ̀ tó ní òdòdó wà lẹ́sẹ̀ òsì, rúlà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sá o!"

"Ibo ni mo fẹ́ sá gbà, bàbá?" Alákẹtẹ̀ wí. "Jígí mi wà nínú iyanrìn."

Ọlọ́pàá tó dé bá wa rò pé ayẹyẹ là ń ṣe. Ó wo àwòrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó wo ọjọ́ àti aago tó wà lára rẹ̀, ó wo ojú ọkùnrin náà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òjìji ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń gbé wá bá òun. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí òun máa rí ojú. Wọ́n jọ lọ sílé Alákẹtẹ̀, wọ́n kó férémù mẹ́rìnlá dé nínú páálí bàtà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba àlejò ní ilé ìtura kan, àwọn ògbólógbòó férémù tí àlejò gbàgbé síbẹ̀ ló sì fi ń ṣe pàṣípààrọ̀; ó jẹ́wọ́ pé òun kàn fẹ́ràn kí ojú òun yàtọ̀ lójoojúmọ́ ni. Adájọ́ ní kó san owó àwọn tó ti bàjẹ́, kó sì fi oṣù mẹ́ta máa gbá ọgbà ilé ẹjọ́. Nígbà tó parí rẹ̀, ó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí àkẹtẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n yẹ ojú òun wò. Ìyá Jígí yẹ̀ ẹ́ wò tinútinú, ó sì ta jígí tó ń ríran fún un, láìyọ kọ́bọ̀ kan.

Oníná ò tún ráyè lẹ́yìn ìyẹn. Alátùpà, oníbàtà, ẹni tó ń yáni lówó, gbogbo títì wa ló ń pè é kó wá bá àwọn sọ kámẹ́rà wọn kalẹ̀ láti òkè àjà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Ìyá Jígí tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun tó wà nílùú kejì; ọdún mẹ́fà ni kò tíì fojú kàn án, torí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ láti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Mo bá wọn lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Tíṣà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo pápá, fóònù rẹ̀ wà nínú àpò. Ìyá Jígí sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí tí mi ò gbọ́. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà mú mi, ó mú obìnrin tó gbé ọmọ lẹ́yìn wa, ó mú ọmọ náà. Nígbà tí ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ó dúró, ó wò wá, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà díẹ̀díẹ̀.